Worker nginx ń kú lójijì pẹ̀lú signal 11, ìsopọ̀ oníbàárà ń já

olusona:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. nginx 1.24.0 ló dúró níwájú app méjì. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó gba ìbéèrè lọ́wọ́ oníbàárà kó sì tì í sẹ́yìn lọ. CPU core 4, mẹ́mórì GB 8, worker 4 (àwọn process tí nginx ń fi dáhùn ìbéèrè). Module kékeré kan tí wọ́n kọ nílé iṣẹ́ wà lórí rẹ̀, ngx_http_ami_filter_module.so: ó ń fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní àmì, á sì kọ àmì náà sínú header èsì. Ohun tó ń jáde nínú error.log rèé:

```
[alert] 1203#1203: worker process 1207 exited on signal 11
[alert] 1203#1203: worker process 4410 exited on signal 11
```

Wákàtí mẹ́ta lè kọjá kó má ṣe nǹkan kan, kó wá ṣe é nígbà 20 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá fi curl wò ó lásìkò yẹn á rí “curl: (52) Empty reply from server”. A ti gbé worker_connections láti 1024 sí 4096, pàbó ló já sí. nginx -t ní kò sí àléébù. Nínú access.log, kò sí ìbéèrè kankan tó jọ pé òun ló fà á. Níbo ni ká ti mú un?

abese_log:
Ẹ fi worker_connections sílẹ̀ ná. Tí ìyẹn bá kéré, nginx á sọ ọ́ gbangba: “worker_connections are not enough”. Ìsopọ̀ tuntun ló máa kọ̀, worker kì í torí ẹ̀ kú. Bákan náà ni “Too many open files”.

Nọ́ńbà signal ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, òun ló ń tọ́ka sí ẹni tó pa worker. 11: kóòdù fọwọ́ kan àdírẹ́sì mẹ́mórì tí kì í ṣe tirẹ̀. 6: process ló pa ara rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà nítorí pé malloc rí i pé heap (mẹ́mórì tí process ń yá lò) ti bàjẹ́. 9: ìta ni ikú ti wá, kernel tí mẹ́mórì ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́. 7: fáìlì tí a fi mmap ṣí sínú mẹ́mórì ti kúrú mọ́ process lọ́wọ́, tàbí ibi tí mẹ́mórì àjọlò wà ti kún. 4: CPU kò mọ àṣẹ tí wọ́n fún un, ẹ lọ wo bóyá orí ẹ̀rọ mìíràn ni wọ́n ti fi -march=native kọ́ binary yẹn. 31: seccomp, ẹ̀ṣọ́ kernel, ló dí i lọ́nà.

Ọ̀kan tún wà tí kò ní signal rárá, “exited with fatal code 2 and cannot be respawned”. Ní tìyẹn, worker kò tíì dìde tán tó fi ṣubú, master (process tó ń bí àwọn worker) kò sì ní bí òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Tiyín jẹ́ 11, kóòdù ló lẹ́bi. Kò sí iye tí ẹ lè yí nínú config tó máa wò ó sàn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà á pọ̀ mọ́ 502: tí log bá ní “upstream prematurely closed connection”, app tó wà lẹ́yìn ló kú, nginx ṣì wà láàyè láti ròyìn rẹ̀. Empty reply túmọ̀ sí pé ẹni tí ì bá ròyìn gan-an ló ti lọ.

tisa_epoll:
Ọ̀rọ̀ access.log yẹn kò yani lẹ́nu. Ìgbà tí ìbéèrè bá parí ni nginx máa ń kọ ìlà rẹ̀. Èyí tó pa worker kò parí, báwo ló ṣe máa wà níbẹ̀?

Ẹ sì rántí pé worker kan kì í dá kú. Tó bá di ìsopọ̀ 500 mú, gbogbo 500 ló bá a lọ, tó fi mọ́ ẹni tó ń gba fáìlì ńlá jẹ́jẹ́ tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀sùn àwọn oníbàárà fi máa ń jọ pé kò ní orí kò ní ìdí. Ẹni tó ń pariwo kọ́ ló fà á.

Ẹ lẹ ìlà dmesg (log kernel) síbí: `dmesg -T | grep nginx`

olusona:
Ẹ ṣé gan-an. Òun rèé, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, àyàfi PID:

```
nginx[4410]: segfault at 8 ip 00007f3a1c2021b7 sp 00007ffd5e0b2a10 error 4 in ngx_http_ami_filter_module.so[7f3a1c202000+1000]
```

eleegun_gdb:
Ìlà kan yìí ti jẹ́wọ́ tán. Ẹ jẹ́ ká tú u.

“error 4”: process fẹ́ ka ojú ìwé mẹ́mórì tí kò sí. Tó bá jẹ́ 6, kíkọ ló fẹ́ kọ. Tó bá jẹ́ 14, ó fò lọ sí àdírẹ́sì tí kò yẹ kó ti máa ka àṣẹ, ìyẹn sì máa ń burú jù, nítorí pointer function ló ti bàjẹ́.

“at 8”: àdírẹ́sì 8. Kò sí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ sí àdírẹ́sì 8. Pointer kan ni ó jẹ́ NULL (kò tọ́ka sí ibì kankan), kóòdù sì fẹ́ ka field tó wà ní baiti 8 sínú struct tó rò pé ó wà níbẹ̀. Ká ní nọ́ńbà ràbàtà kan bíi 7f3a… ló wà níbẹ̀ ni, a ò bá máa wá mẹ́mórì tí wọ́n ti dá padà, iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan nìyẹn. Èyí rọrùn.

Ibi tó ṣubú sí: ẹ yọ ìbẹ̀rẹ̀ mapping kúrò nínú ip.

0x7f3a1c2021b7 − 0x7f3a1c202000 = 0x1b7

Ẹ má tíì gbé 0x1b7 fún addr2line, ètò tó ń sọ àdírẹ́sì di ìlà kóòdù, o. Ìbẹ̀rẹ̀ apá tó ní kóòdù nìkan ni kernel kọ síbẹ̀, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì. `readelf -lW ngx_http_ami_filter_module.so`, ẹ wá ìlà LOAD tó ní “R E”, kí ẹ wo VirtAddr rẹ̀. Tó bá jẹ́ 0x1000, nọ́ńbà yín ni 0x11b7:

```
addr2line -f -e ngx_http_ami_filter_module.so 0x11b7
```

Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí á gba ìlà kóòdù tí kò jọ ọ́ rárá, á sì máa tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe.

ayederu404:
Kí wọ́n gba core dump náà (ẹ̀dà mẹ́mórì worker lásìkò tó kú), kí a lè rí ìbéèrè tó fà á. Lókè nginx.conf, níta events àti http:

```
worker_rlimit_core 500M;
working_directory /var/cores;
```

Ẹ dá /var/cores, ẹ fi fún www-data tàbí ẹnikẹ́ni tí worker ń ṣiṣẹ́ lórúkọ rẹ̀, chmod 700, reload. Ẹ tún ṣe `sysctl -w fs.suid_dumpable=2`, torí worker bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi root kó tó sọ ara rẹ̀ di www-data, kernel kì í sì í jẹ́ kí irú process bẹ́ẹ̀ da core sílẹ̀.

tisa_epoll:
Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni ti kernel, àmọ́ nginx ti yanjú ìyẹn fúnra rẹ̀ lórí Linux. Lẹ́yìn tí worker bá yí orúkọ padà tán, ó máa ń pe prctl(PR_SET_DUMPABLE). suid_dumpable kò pọn dandan. LimitCORE inú systemd náà kò pọn dandan, torí worker ti gbé òdiwọ̀n náà sókè nígbà tó ṣì jẹ́ root.

Ohun tó máa ń gbé core pamọ́ fúnni ni core_pattern. Ẹ wò ó: `cat /proc/sys/kernel/core_pattern`. Tó bá fi | bẹ̀rẹ̀, ètò mìíràn ni kernel ń gbé core fún, working_directory kò ní iṣẹ́ kankan ṣe mọ́. Tó bá jẹ́ systemd-coredump, ẹ lo `coredumpctl list nginx`, lẹ́yìn náà `coredumpctl gdb` pẹ̀lú PID.

500M yẹn náà ńkọ́? Zone mẹ́mórì àjọlò, irú bíi keys_zone ti cache, máa ń wọ inú core. Tí zone yín bá tó GB 1, core á gé sí méjì lójú ọ̀nà, gdb ò sì ní rí nǹkan gidi kà. Ẹ fi 2G sí i kí ọkàn yín balẹ̀, tí àyè bá wà lórí díìsìkì. Ẹ má lo /tmp tí unit náà bá ní PrivateTmp=true. Ẹ óò kàn máa wá core tó wà nínú fódà systemd-private.

Pàtàkì: kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ TLS àti cookie àwọn ènìyàn wà nínú core. Ẹ má gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Backtrace nìkan ti tó.

omo_konteena:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Signal 9 ni tèmi. Kọ̀ntéénà tó ní òdiwọ̀n mẹ́mórì GB 2, orí ẹ̀rọ core 64. “Memory cgroup out of memory: Killed process” ló wà nínú dmesg. worker_processes auto, worker_connections 4096, proxy_buffers 16 256k.

abese_log:
Gbogbo ìdáhùn ti wà nínú ìbéèrè yín. auto máa ń ka CPU ẹ̀rọ tó gbé kọ̀ntéénà, kì í wo òdiwọ̀n cgroup, ìyẹn ààlà tí kernel fi sé kọ̀ntéénà. Worker 64 lẹ ní sínú GB 2. Ẹ kọ nọ́ńbà síbẹ̀, 2 tàbí 4. Tó bá jẹ́ image Docker ti nginx gan-an ni, ẹ lè fi NGINX_ENTRYPOINT_WORKER_PROCESSES_AUTOTUNE sí environment.

Buffer ni ó burú jù. 16 × 256k jẹ́ MB 4 fún ìsopọ̀ kan. Oníbàárà kan ń gba àyè méjì nínú worker_connections, ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn, nítorí náà 4096 jẹ́ bí oníbàárà 2048. 2048 × MB 4 = GB 8, fún worker kan ṣoṣo, tí oníbàárà bá lọ́ra láti gba èsì tí app sì yára. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń dé ibẹ̀, ọjọ́ tó bá dé ni kernel ń dé. `proxy_buffers 8 16k` sọ ọ́ di MB 256.

Mo mọ ibi tí 256k yẹn ti wá: “upstream sent too big header” ni, àbí? Header nìkan ni ìyẹn ń sọ, proxy_buffer_size 16k sábà máa ń tó. Ẹ má fi gbogbo buffer san gbèsè header.

Ẹ tún wo ps. Tí ẹ bá rí “worker process is shutting down” rẹpẹtẹ, websocket ló di àwọn worker àtijọ́ mú lẹ́yìn reload, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú mẹ́mórì tirẹ̀. worker_shutdown_timeout 30s, á lé wọn.

olusona:
addr2line sọ ìlà 142. A ti gba core náà. `bt` inú gdb (àwọn function tó pe ara wọn títí dé ibi ikú) rèé:

```
#0 ngx_http_ami_header_filter (r=0x5581e0c4a3d0) at ngx_http_ami_filter_module.c:142
#1 ngx_http_upstream_send_response
#2 ngx_http_upstream_process_header
#3 ngx_http_upstream_handler
#4 ngx_epoll_process_events
```

Ìlà 142 ni `h->value = ctx->ami;`. Nínú struct ctx (àpò tí module wa ń kó dátà ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sí), `ngx_uint_t iru` ló ṣáájú, `ngx_str_t ami` ló tẹ̀ lé e. `p ctx` mú 0x0 wá. Àmọ́ POST_READ phase, ìpele àkọ́kọ́ tí ìbéèrè ń gbà kọjá, ni a ti ṣẹ̀dá ctx fún gbogbo ìbéèrè, láìyọ ọ̀kan sílẹ̀! Báwo ló ṣe di NULL?

eleegun_gdb:
`iru` gba baiti 8, `ami` bẹ̀rẹ̀ ní baiti 8. “segfault at 8” rèé.

Ẹ tẹ méjì yìí nínú gdb ná:

```
p r->internal
p *r->request_line.data@r->request_line.len
```

Ẹ sì fi location tó ń gba ìbéèrè náà hàn wá.

olusona:
r->internal = 1. Ìbéèrè yẹn, GET lásán ni, kò sí ohun àrà nínú rẹ̀. Config:

```
location / {
    proxy_pass http://app;
    error_page 502 504 = @ipamo;
}
location @ipamo {
    proxy_pass http://app_keji;
}
```

eleegun_gdb:
Ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí app àkọ́kọ́ bá kọ ìsopọ̀, nginx dá 502 sílẹ̀, error_page darí ìbéèrè náà lọ sí @ipamo. Ìdarí nínú ilé nìyẹn, ngx_http_named_location ló sì ń ṣe é. Ohun tó máa ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó nu gbogbo r->ctx nù, ti gbogbo module. Ngx_http_internal_redirect náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ìbéèrè tún wọ inú àwọn phase, ṣùgbọ́n kì í bẹ̀rẹ̀ láti òkè: redirect gba server_rewrite wọlé, named location gba rewrite ti location wọlé. POST_READ ti kọjá, kò sí ẹni tó máa pe é mọ́. Ctx yín ti lọ, kò sì sí ẹni tó máa ṣẹ̀dá òmíràn. App kejì dáhùn 200, filter yín nawọ́ sí ctx, ó bá òfìfo.

Ìdí tí wákàtí mẹ́ta fi ń kọjá nìyẹn tí 20 sì ń rọ́ lù yín lẹ́ẹ̀kan náà: ìgbà tí app àkọ́kọ́ bá ń restart ni.

Ẹ dán an wò lórí ẹ̀rọ ìdánwò: ẹ dá app àkọ́kọ́ dúró, ẹ fi curl pè é lẹ́ẹ̀kan.

olusona:
Curl kan, ikú kan. Ìgbà mẹ́wàá lórí mẹ́wàá.

ayederu404:
Kí wọ́n tó tún module ṣe, kí wọ́n yẹra fún ìdarí náà ná:

```
upstream app {
    server 10.0.0.1:8080;
    server 10.0.0.2:8080 backup;
}
```

Kí wọ́n yọ error_page kúrò. Inú upstream module níbẹ̀ ni proxy_next_upstream ti ń gbé ìbéèrè lọ sí backup, kò sí ìdarí, ctx ò sì ní sọnù. Wọ́n kàn ní láti mọ̀ pé POST tí a ti fi ránṣẹ́ sí app àkọ́kọ́ kò ní tún lọ sí èkejì, àfi tí wọ́n bá fi non_idempotent sí i, èyí tí n kò ní gbà wọ́n nímọ̀ràn rẹ̀.

eleegun_gdb:
Ó dáa fún òní. Kóòdù náà rèé:

```
ctx = ngx_http_get_module_ctx(r, ngx_http_ami_filter_module);
if (ctx == NULL) {
    return ngx_http_next_header_filter(r);
}
```

Èyí dá ikú dúró, ṣùgbọ́n èsì tó bá gba @ipamo kọjá kò ní ní àmì. Tí ẹ bá fẹ́ kí àmì náà wà, ẹ wo ọgbọ́n tí module realip ti nginx fúnra rẹ̀ ń lò. Ó ń fi ctx sínú ngx_pool_cleanup_add, pẹ̀lú handler tirẹ̀. Tí get_module_ctx bá mú NULL wá, ó ń rìn lórí r->pool->cleanup títí tó fi rí èyí tí handler rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, data rẹ̀ ni ctx. Ìdarí kò lè nu pool (mẹ́mórì tí nginx yà sọ́tọ̀ fún ìbéèrè náà), pool ń bá ìbéèrè dé òpin.

Subrequest (ìbéèrè kékeré tí nginx ń bí láti inú ìbéèrè kan) náà ní r->ctx tuntun tó ṣófo, kì í sì í gba POST_READ kọjá. Tí ẹ bá fi auth_request kún config lọ́la láìtún èyí ṣe, ìlà 142 kan náà ló máa pa yín. Pool kan náà ni subrequest àti òbí rẹ̀ ń lò, nítorí náà ọgbọ́n realip bo èyí náà.

olusona:
A ti tún un ṣe bíi ti realip. Ṣùgbọ́n nígbà tí a `cp` .so tuntun lé ti àtijọ́ lórí, kí a tó reload rárá, worker mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kú lẹ́ẹ̀kan náà: méjì signal 11, méjì signal 7. Ṣé kóòdù tuntun náà ló tún bàjẹ́ ni?

tisa_epoll:
Rárá, cp ni. cp kì í dá fáìlì tuntun, inode àtijọ́ (fáìlì gan-an lórí díìsìkì, lábẹ́ orúkọ rẹ̀) ló ń gé sí òdo tó sì ń kọ sí, inode kan náà sì ni àwọn worker fi mmap ṣí. Ẹ ń pààrọ̀ kóòdù lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn ni. Ẹni tó bọ́ sí ojú ìwé tó ti gé, signal 7. Ẹni tó bọ́ sí ojú ìwé tó ti yí padà, signal 11. Kernel ń dáàbò bo binary tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú “Text file busy”, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún .so.

Ẹ lo `install -m 644`, òun máa ń yọ ti àtijọ́ kúrò kó tó gbé tuntun sí i, tàbí kí ẹ kọ ọ́ sí orúkọ mìíràn nínú fódà kan náà kí ẹ wá `mv`.

Reload kò sì ní tó. Master ti ṣí .so yẹn tẹ́lẹ̀, dlopen rí orúkọ ọ̀nà kan náà, ó dá èyí tó wà lọ́wọ́ padà. Zone mẹ́mórì àjọlò náà kì í yí padà pẹ̀lú reload tí orúkọ àti ìwọ̀n rẹ̀ kò bá yàtọ̀, èyí tí worker tó kú lè ti bà jẹ́. Ẹ restart. Tí ẹ kò bá fẹ́ já ìsopọ̀:

```
kill -USR2 $(cat /run/nginx.pid)
kill -WINCH $(cat /run/nginx.pid.oldbin)
kill -QUIT $(cat /run/nginx.pid.oldbin)
```

Ẹ ṣe sùúrù díẹ̀ láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ rí i nínú ps pé àwọn worker tuntun ti dìde kí ẹ tó WINCH. Lẹ́yìn náà ẹ wo `grep ami /proc/$(cat /run/nginx.pid)/maps`. Tí “(deleted)” bá wà níparí ìlà, ti àtijọ́ ló ṣì wà nínú mẹ́mórì.

olusona:
“(deleted)” wà níbẹ̀ lẹ́yìn reload lóòótọ́. Lẹ́yìn USR2, kò sí mọ́. A dá app àkọ́kọ́ dúró, a fi curl pè é nígbà 1000: 200 ni gbogbo rẹ̀, àmì wà nínú header wọn, PID àwọn worker kò yí padà.